Àwọn Ẹ̀ṣọ́ Inú Ara àti Àrùn Jẹjẹrẹ Ọpọlọ

Àrùn kan ń bẹ tí ó jẹ́ pé bí dókítà bá rí i nínú àwòrán orí aláìsàn, yóò kọ́kọ́ dákẹ́ ná kí ó tó pe àwọn ará ilé rẹ̀ wọlé. Glioblastoma ni orúkọ tí àwọn onímọ̀ ìṣègùn fi ń pè é, òun ni ó sì burú jù nínú àwọn jẹjẹrẹ tí ó máa ń hù nínú ọpọlọ àgbàlagbà. Kì í ṣe àrùn tí ó wọ́pọ̀. Ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, níbi tí wọ́n ti ń ka àwọn aláìsàn wọn sínú ìwé lọ́dọọdún, nǹkan bí ènìyàn mẹ́ta nínú 100,000 ni ó ń mú ní ọdún kan. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá mú, agbára káká ni ó fi ń rí ọdún méjì lẹ́yìn rẹ̀.

Bí ó ti máa ń bẹ̀rẹ̀ nìyí. Orí yóò máa fọ́ ènìyàn, pàápàá ní òwúrọ̀ nígbà tí ó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jí; èébì yóò máa gbé e láìjẹ́ pé ó jẹ ohun tí ó bà á nínú jẹ́. Ẹlòmíràn tí kò ní wárápá rí láti ìgbà èwe rẹ̀ yóò ṣubú lójijì lóko, tí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò sì máa gbọ̀n. Apá kan tàbí ẹsẹ̀ kan lè bẹ̀rẹ̀ sí rọ, ọ̀rọ̀ lè máa dàrú mọ́ ọn lẹ́nu, oníwà pẹ̀lẹ́ sì lè di oníbìínú ènìyàn tí àwọn ará ilé kò mọ̀ mọ́. Kì í ṣe gbogbo ẹ̀fọ́rí ni ó jẹ́ èyí; ti ibà àti ti ẹ̀jẹ̀ ríru pọ̀ jù ú lọ lọ́nà púpọ̀púpọ̀. Ṣùgbọ́n àgbàlagbà tí gìrì bá ṣẹ̀ṣẹ̀ mú fún ìgbà àkọ́kọ́ ní ẹni 50 tàbí 60 ọdún, kò yẹ ní ẹni tí à ń gbé kiri fún oṣù mẹ́fà kí ó tó dé ilé ìwòsàn tí wọ́n ti lè ya àwòrán inú orí rẹ̀. Àrùn náà kì í ràn, kò sì sí ẹni tí ó tọ́ kí a nàka sí nínú ẹbí pé òun ni ó fi ṣe ẹlòmíràn.

Kí ni ó mú un le tó bẹ́ẹ̀? Ara ènìyàn jẹ́ àkójọpọ̀ àwọn ohun wẹ́wẹ́ tí ojú lásán kò lè rí, tí a ń pè ní sẹ́ẹ̀lì, gẹ́gẹ́ bí ògiri ilé ti jẹ́ àkójọpọ̀ bíríkì. Sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan ní àkókò tirẹ̀ láti pín sí méjì, ó sì ní àkókò tirẹ̀ láti kú. Jẹjẹrẹ ni sẹ́ẹ̀lì tí ó kọ̀ láti kú, tí ó sì ń pọ̀ sí i láìdúró títí yóò fi di kókó. Kì í ṣe àlejò tí ó ti òde wọlé bí kòkòrò ibà. Ọmọ bíbí inú ara ni. Àwọn àgbà sì ti wí pé kòkòrò tí ń jẹ obì, inú obì ni ó ń gbé.

Èyí tí ó wà nínú ọpọlọ kì í sì í jókòó sójú kan. Ẹni tí ó bá ti bá koríko ẹ̀kan jà lóko yóò mọ ohun tí èyí túmọ̀ sí. Àgbẹ̀ lè ro ilẹ̀ náà mọ́ tónítóní, kí ó fi ojú ara rẹ̀ rí i pé kò ku ewé kan, ṣùgbọ́n gbòǹgbò ti rìn lábẹ́ ilẹ̀ kọjá ibi tí ọkọ́ rẹ̀ dé, nígbà tí òjò bá sì rọ̀, ẹ̀kan yóò tún yọ orí ní ibi tí a kò rò. Ní 1928, oníṣẹ́-abẹ kan tí ń jẹ́ Walter Dandy, ní ìlú Baltimore ní Amẹ́ríkà, kọ̀wé láti sọ bí òun ti gé ìdajì ọpọlọ ní apá ọ̀tún kúrò pátápátá lórí àwọn aláìsàn mélòó kan tí irú kókó báyìí ti rọ lápá àti lẹ́sẹ̀ òsì tẹ́lẹ̀. Èrò rẹ̀ ni pé bí a bá gbé gbogbo ilẹ̀ tí gbòǹgbò wà nínú rẹ̀ kúrò, kò sí ibi tí yóò tún ti hù mọ́. Síbẹ̀ àrùn náà padà, ó sì hù ní apá kejì. Bí gígé ìdajì ọpọlọ kò bá tó, a jẹ́ pé kò sí ọbẹ tí ó tó.

Kì í ṣe pé iṣẹ́ abẹ kò wúlò. Òun náà ni ó ṣì jẹ́ ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́, nítorí ó ń dín ẹrù tí ń tẹ ọpọlọ kù, ó sì ń jẹ́ kí a mọ irú kókó tí ó jẹ́. Ní ilẹ̀ wa, Dókítà Latunde Odeku, ọmọ ìlú Àwẹ́, ẹni tí í ṣe ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí ó kọ́ iṣẹ́ abẹ ọpọlọ yanjú, ni ó fi ìpìlẹ̀ iṣẹ́ náà lélẹ̀ ní UCH ní Ìbàdàn ní 1962. Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ ni a ń tan ìtànṣán sí ibi tí kókó ti kúrò, fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ní 2005, Dókítà Roger Stupp àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ àbájáde ìdánwò kan jáde tí wọ́n fi 573 aláìsàn ṣe. Nínú àwọn tí ó gba ìtànṣán nìkan, ìdajì ti kú nígbà tí ó pé oṣù 12. Nínú àwọn tí ó fi oògùn temozolomide kún un, ìdajì wọn pé oṣù 14 àti ààbọ̀. Ẹni tí ara rẹ̀ dá lè fi èyí rẹ́rìn-ín pé kí ni oṣù méjì àti ààbọ̀ jẹ́. Ṣùgbọ́n nínú 100 tí ó lo oògùn náà, 26 wà láàyè lẹ́yìn ọdún méjì, nígbà tí ti àwọn yòókù kò ju 10 lọ. Ìtọ́jú yìí ni ó di ìlànà káàkiri ayé, òun sì ni gbogbo ohun titun tí a ó sọ nísàlẹ̀ yìí ń gbìyànjú láti borí.

Níwọ̀n bí ọbẹ, ìtànṣán àti oògùn ti dé ibi tí agbára wọn mọ, àwọn onímọ̀ yí ojú sí àwọn ẹ̀ṣọ́ tí a dá mọ́ ara fúnra rẹ̀. Nínú ẹ̀jẹ̀ ènìyàn ni àwọn sẹ́ẹ̀lì funfun wà tí iṣẹ́ wọn jẹ́ ṣíṣọ́ ara. Àwọn kan nínú wọn, tí a ń pè ní sẹ́ẹ̀lì T, ń rìn kiri tọ̀sán tòru bí ọdẹ tí ń ṣọ́ ìlú. Láyé àtijọ́, ilà ojú ni a fi ń mọ ọmọ Ọ̀yọ́ yàtọ̀ sí ọmọ Ìjẹ̀bú àti ọmọ Oǹdó. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan ní ilà tirẹ̀, èyí tí sẹ́ẹ̀lì T ń yẹ̀ wò. Bí ilà náà bá jẹ́ ti ará ilé, yóò kọjá lọ. Bí ó bá jẹ́ ti àjèjì, yóò pa á. Abẹ́rẹ́ àjẹsára tí a ń gún fún àwọn ọmọ wa kò ju pé a fi ilà ojú ọ̀tá han àwọn ẹ̀ṣọ́ wọ̀nyí kí ọ̀tá náà tó dé. Ọ̀nà yìí ni a fi lé àrùn olóde, tí àwọn baba wa kò jẹ́ dárúkọ rẹ̀ gan-an, kúrò ní gbogbo ayé, tí a sì kéde òpin rẹ̀ ní 1980.

Ṣé a lè dẹ àwọn ẹ̀ṣọ́ kan náà sí jẹjẹrẹ? Ó le, nítorí ọmọ ilé ni jẹjẹrẹ, ilà rẹ̀ sì fẹ́ jọ ti ará ilé. Ní 1891, Dókítà William Coley ní ìlú New York bẹ̀rẹ̀ sí fi kòkòrò àrùn tí í mú awọ ara wú gún àwọn tí ó ní kókó jẹjẹrẹ lára, nítorí ó ti rí ìtàn aláìsàn kan tí irú àrùn awọ bẹ́ẹ̀ kọlù, tí ibà ńlá mú, tí kókó ọrùn rẹ̀ sì yọ́ dànù. Coley rò pé bí a bá ru àwọn ẹ̀ṣọ́ sókè, wọn yóò bínú sí jẹjẹrẹ pẹ̀lú. Ó mú àwọn díẹ̀ lára dá, kò mú ọ̀pọ̀ lára dá, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kò sì gbà á gbọ́ títí ó fi kú ní 1936.

Ó ju 50 ọdún lọ lẹ́yìn náà kí ìdí ọ̀rọ̀ náà tó bẹ̀rẹ̀ sí hàn. James Allison ní Amẹ́ríkà àti Tasuku Honjo ní Jàpáàn rí i pé ìjánu wà lẹ́nu àwọn sẹ́ẹ̀lì T, gẹ́gẹ́ bí ti ẹṣin. Ó dára tí ó wà níbẹ̀, nítorí ẹ̀ṣọ́ tí kò ní ìjánu yóò yípadà sí ará ilé. Àrùn sì wà tí ó jẹ́ pé ohun tí ó fà á nìyẹn. Ṣùgbọ́n jẹjẹrẹ ti mọ ọgbọ́n fífa ìjánu náà. Bí ẹ̀ṣọ́ bá sún mọ́ ọn, a fà á, ẹ̀ṣọ́ a sì dúró. Àwọn ọkùnrin méjèèjì fi hàn pé oògùn lè já ìjánu náà gbà, wọ́n sì gba ẹ̀bùn Nobel papọ̀ ní 2018.

Ẹnì kan tí oògùn bẹ́ẹ̀ ṣe lóore kì í ṣe àjèjì sí àwọn àgbẹ̀ wa. Jimmy Carter, ẹni tí ó ti ṣe Ààrẹ Amẹ́ríkà rí, ni ilé-iṣẹ́ rẹ̀ bá wa gbógun ti sòbìà títí a fi jẹ́rìí sí i ní 2013 pé àrùn náà ti kúrò ní Nàìjíríà. Ní oṣù kẹjọ 2015, nígbà tí ó ti lé ní 90 ọdún, ó kéde pé a rí jẹjẹrẹ ní ojú mẹ́rin nínú ọpọlọ òun. A tan ìtànṣán sí i, a sì fún un ní oògùn tí ń já ìjánu, pembrolizumab ni orúkọ rẹ̀. Nígbà tí oṣù kejìlá ọdún kan náà yóò fi dé, a kò rí jẹjẹrẹ náà mọ́ nínú àwòrán. Ó tún lo ọdún mẹ́sàn-án sí i, ó sì pé 100 ọdún kí ó tó fi ayé sílẹ̀ ní 2024.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbọ́ ìròyìn yìí, wọ́n sì wí pé, Ṣé ẹ rí i pé a ti rí oògùn jẹjẹrẹ ọpọlọ! Níhìn-ín ni ó yẹ kí a ti fara balẹ̀. Jẹjẹrẹ ara awọ ni ti Carter. Àlejò ni ó jẹ́ nínú ọpọlọ, ó sì ru ilà púpọ̀ tí ẹ̀ṣọ́ lè dá mọ̀. Glioblastoma kò rí bẹ́ẹ̀, inú ọpọlọ ni a ti bí i. Àwọn onímọ̀ fún 369 aláìsàn tí glioblastoma wọn ti padà ní oògùn. Wọ́n pín wọn sí méjì bí ẹni ṣẹ́ kèké, apá kan gba nivolumab tí ń já ìjánu, apá kejì gba oògùn mìíràn tí a ti ń lò tẹ́lẹ̀. Àbájáde rẹ̀ jáde ní 2017. Ìdajì àwọn ti àkọ́kọ́ kò kọjá oṣù 9.8, ìdajì àwọn ti èkejì kò kọjá oṣù 10. Kò sí ìyàtọ̀.

Ní ọdún tí ó ṣáájú èyí, ìrètí mìíràn ti forí ṣánpọ́n. Abẹ́rẹ́ àjẹsára kan wà tí a fi ń kọ́ àwọn ẹ̀ṣọ́ láti mọ ilà kan ṣoṣo, tí a ń pè ní EGFRvIII, èyí tí ó wà lójú jẹjẹrẹ nǹkan bí ẹnì kan nínú àwọn aláìsàn mẹ́ta, tí kò sì sí lójú ará ilé. Kò sí ilà tí ó tún dára jù ú lọ. 745 ènìyàn ni ó wọnú ìdánwò náà, a sì dá a dúró ní 2016, nítorí àwọn tí a gún àti àwọn tí a kò gún kú ní ìwọ̀n àkókò kan náà. Nígbà tí a tún yẹ kókó àwọn tí àrùn wọn padà wò, ilà náà ti parẹ́ lára ọ̀pọ̀ nínú wọn, àní lára àwọn tí a kò fún ní abẹ́rẹ́ náà pàápàá. Bí ọ̀tá bá lè pa ilà ojú ara rẹ̀ rẹ́ láìtíì gbọ́ pé a ń wá a, kí ni ẹ̀ṣọ́ tí a kọ́ ní ilà kan ṣoṣo yóò ṣe?

Láti inú àwọn ìkùnà wọ̀nyí ni ẹ̀kọ́ ti jáde, ó sì tọ́ kí a gbóríyìn fún àwọn tí wọ́n tẹ ìkùnà wọn jáde fún gbogbo ayé láti kà. Ohun àkọ́kọ́ tí a kọ́ ni pé ọpọlọ dà bí inú ààfin lọ́hùn-ún, ibi tí àwọn onílẹ̀kùn kì í jẹ́ kí olúkúlùkù wọ̀. Ní 1948, Peter Medawar ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi hàn pé awọ tí a gbìn láti ara ehoro kan sínú ọpọlọ ehoro mìíràn a máa pẹ́ kí ara tó kọ̀ ọ́, àwọn ènìyàn sì ti inú èyí rò pé ẹ̀ṣọ́ kì í wọ ibẹ̀ rárá. Èrò náà pọ̀ jù. Ní 2015 ni àwọn onímọ̀ ní Virginia àti ní Finland rí ọ̀nà tóóró nínú awọ tí ó bo ọpọlọ àwọn eku, èyí tí omi-ara àti àwọn ẹ̀ṣọ́ ń gbà jáde lọ sí ọrùn. Ilẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé wà, a kò kàn mọ̀ ni.

Ohun mìíràn burú ju ti ilẹ̀kùn lọ. Ní 2018, àwọn olùwádìí ní ilé ẹ̀kọ́ gíga Duke fi hàn pé nínú àwọn tí ó ní glioblastoma, ọ̀pọ̀ sẹ́ẹ̀lì T ni a há mọ́ inú mùdùnmúdùn egungun, tí wọn kò lè jáde wá jagun. Àrùn inú orí ni ó ti ibẹ̀ de ogun mọ́lẹ̀ nínú egungun itan! Lẹ́yìn èyí, oògùn tí a fi ń mú kí ọpọlọ tí ó wú rọlẹ̀, tí aláìsàn kò sì lè ṣe aláìlò nígbà púpọ̀, a máa kun ẹ̀ṣọ́ ní oorun. Nítorí náà àwọn dókítà wà láàárín méjì: bí wọn kò bá fún un, wíwú yóò pa á, bí wọ́n bá fún un púpọ̀, ẹ̀ṣọ́ yóò sùn.

Ìyípadà kan tí ó kọ́kọ́ mú èso díẹ̀ wá kì í ṣe ti oògùn titun, bí kò ṣe ti àkókò tí a ń lò ó. Tẹ́lẹ̀ rí, a máa gé kókó kúrò kí a tó fún aláìsàn ní oògùn tí ń já ìjánu. Ní 2019, àwọn dókítà ní Los Angeles tẹ àbájáde ìdánwò 35 ènìyàn jáde, gbogbo wọn jẹ́ àwọn tí àrùn wọn ti padà. Àwọn tí ó gba oògùn náà kí a tó ṣiṣẹ́ abẹ fún wọn, ìdajì wọn pé oṣù 13.7, àwọn tí ó gbà á lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ nìkan, ìdajì wọn pé oṣù 7.5. Ìdí rẹ̀ yé ni: nígbà tí kókó ṣì wà níbẹ̀, àwọn ẹ̀ṣọ́ rí ojú ọ̀tá dáradára, wọ́n sì kọ́ gbogbo ilà rẹ̀. Bí a bá ti gbé òkú olè kúrò, ta ni ọdẹ yóò wò kí ó fi mọ àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀? Ṣùgbọ́n ènìyàn 35 kò pọ̀, kò sì sí ẹni tí ó ń kọ́ ilé sórí òpó kan.

Ẹni tí ó fi ara rẹ̀ dán ọ̀nà yìí wò ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Richard Scolyer ti ilẹ̀ Ọsirélíà, onímọ̀ nípa jẹjẹrẹ awọ. Gìrì mú un nígbà tí ó wà ní ìrìn àjò ní Poland ní 2023, àwòrán sì fi glioblastoma hàn. Òun àti Ọ̀jọ̀gbọ́n Georgina Long, tí wọ́n jọ ń darí ilé ìwádìí kan náà, pinnu láti lo ohun tí wọ́n ti mọ̀ nínú jẹjẹrẹ awọ: àpapọ̀ àwọn oògùn tí ń já ìjánu, kí a tó ṣe iṣẹ́ abẹ. Wọ́n mọ̀ pé ọpọlọ lè wú, kí oògùn náà sì pa á kí àrùn tó pa á, nítorí agbárí kì í fẹ̀ láti gba ohun tí ó wú. Ó gbà bẹ́ẹ̀. Kókó tí a gé jáde kún fún ẹ̀ṣọ́ ju bí ó ti rí tẹ́lẹ̀ lọ. Ní 2024 orílẹ̀-èdè rẹ̀ fi òun àti Long jẹ ẹni iyì ọdún náà. Ní oṣù kẹta 2025 ó kéde pé àrùn náà ti padà.

Àwọn mìíràn ń lo kòkòrò àrùn gẹ́gẹ́ bí ohun ìjà, bí ẹni pé wọ́n rántí Coley. Ní Duke, wọ́n tún kòkòrò rọpárọsẹ̀ ṣe kí ó má lè rọ ènìyàn mọ́, wọ́n sì gba inú ihò kékeré kan dà á sínú kókó náà; nínú 61 aláìsàn tí wọ́n ròyìn ní 2018, nǹkan bí ẹnì kan nínú márùn-ún wà láàyè lẹ́yìn ọdún mẹ́ta. Ní Tokyo, Ọ̀jọ̀gbọ́n Tomoki Todo lo kòkòrò tí í mú egbò yọ sí ènìyàn létè. Nínú 19 tí ó gbà á, 16 pé ọdún kan, ìjọba Jàpáàn sì fi àṣẹ sí i ní 2021, ṣùgbọ́n àṣẹ onígbà díẹ̀ ni, títí ẹ̀rí yóò fi pọ̀ sí i. Kòkòrò náà a máa pa díẹ̀ nínú jẹjẹrẹ fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n iṣẹ́ rẹ̀ tí ó tóbi jù ni ariwo tí ó ń pa, èyí tí ń jí àwọn ẹ̀ṣọ́.

Ajá pàápàá wọnú iṣẹ́ náà. Jẹjẹrẹ ọpọlọ a máa mú ajá láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni kó o ràn án. Ní Florida, àwọn olùwádìí mú ìwé àṣẹ inú sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ, wọ́n fi ọ̀rá wé e, wọ́n sì fi gún ajá mẹ́wàá tí àwọn olówó wọn mú wá. Ajá tí ó ní irú àrùn bẹ́ẹ̀ kì í sábà kọjá ọjọ́ 30 sí 60. Ìdajì àwọn wọ̀nyí pé ọjọ́ 139. Nígbà tí wọ́n ròyìn rẹ̀ ní 2024, wọ́n ti fún ènìyàn mẹ́rin pẹ̀lú, àwọn ẹ̀ṣọ́ sì ru sókè lára wọn láàárín wákàtí 48.

Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí ó ya gbogbo àwọn dókítà lẹ́nu jù ni ti Boston, ní ilé ìwòsàn Massachusetts General. A fa ẹ̀jẹ̀ aláìsàn, a ṣa àwọn sẹ́ẹ̀lì T inú rẹ̀ jáde, a sì fi ojú titun sí wọn nínú yàrá ìwádìí, ojú tí a ṣe láti rí ilà jẹjẹrẹ. Lẹ́yìn náà a mú wọn pọ̀ sí i, a sì dá wọn padà sí ara ẹni tí ó ni wọ́n. Láti 2017 ni a ti fi àṣẹ sí irú ìtọ́jú yìí ní Amẹ́ríkà fún jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀, ó sì ti gba ọmọdé púpọ̀ lọ́wọ́ ikú. Nínú ọpọlọ, ìṣòro ilà kan ṣoṣo ni ó ń bá a jà. Nítorí náà àwọn ará Boston kọ́ ẹ̀ṣọ́ wọn láti mọ EGFRvIII, wọ́n sì tún kọ́ ọ láti máa ju okùn kan síta bí ó ti ń lọ, okùn tí ń so ẹ̀ṣọ́ mìíràn mọ́ sẹ́ẹ̀lì tí ó ru ilà kejì. Ilà kejì yìí wà lára awọ àti ẹ̀dọ̀fóró ènìyàn pẹ̀lú, èyí tí ì bá fa ewu ńlá. Nítorí èyí, wọn kò gbà á inú ẹ̀jẹ̀, inú omi tí ó yí ọpọlọ ká ni wọ́n dà á sí.

Ènìyàn mẹ́ta péré ni wọ́n ròyìn ní oṣù kẹta 2024, àrùn gbogbo wọn ti padà lẹ́yìn ìtọ́jú. Obìnrin kan, ẹni 57 ọdún, gbà á lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ní ọjọ́ karùn-ún, kókó náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán nínú àwòrán. Ọkùnrin kan, ẹni 74 ọdún, tirẹ̀ náà súnkì kíákíá. Ọkùnrin kejì jẹ́ ẹni 72 ọdún. Kókó tirẹ̀ dín kù ní nǹkan bí ìdá márùn-ún ní ọjọ́ kejì, ó sì dín kù ju ìdajì lọ ní ọjọ́ 69. Àwọn tí ó ti ń wo irú àwòrán bẹ́ẹ̀ fún 30 ọdún kò rí ohun tí ó jọ ọ́ rí. Ní oṣù kan náà, ilé ẹ̀kọ́ gíga Pennsylvania ròyìn ènìyàn mẹ́fà tí a fún ní ẹ̀ṣọ́ tí ó mọ ilà méjì, kókó gbogbo wọn sì súnkì.

Àwọn ìwé ìròyìn gbé e pé a ti ṣẹ́gun jẹjẹrẹ ọpọlọ ní ọjọ́ márùn-ún. Àwọn dókítà Boston fúnra wọn kò sọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ kedere pé kókó obìnrin náà àti ti ẹni 74 ọdún ti padà, àti pé ti ẹni 72 ọdún nìkan ni ó ṣì dúró lẹ́yìn oṣù mẹ́fà. Ẹni tí ó bá gbọ́ irú ìròyìn báyìí lẹ́yìn ọ̀la ní láti béèrè pé, Ènìyàn mélòó ni? A fi wọ́n wé ta ni? Ó sì pẹ́ tó ìgbà wo? Ní 2022, àwọn kan tẹ àbájáde abẹ́rẹ́ àjẹsára mìíràn jáde, tí a ń fi sẹ́ẹ̀lì aláìsàn fúnra rẹ̀ ṣe. 331 ènìyàn ni ó wọ ìdánwò náà, àwọn tí ó gba abẹ́rẹ́ sì pẹ́ ju àwọn tí a fi wọ́n wé lọ ní nǹkan bí oṣù mẹ́ta. Ṣùgbọ́n inú ìdánwò àwọn ẹlòmíràn ni a ti ṣa àwọn tí a fi wọ́n wé, nítorí ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí a kò fún ní abẹ́rẹ́ tẹ́lẹ̀ ni a padà fún nígbà tí àrùn wọn burú sí i. Àánú ni ó mú èyí wá, kò sì sí ẹni tí ó lè dá wọn lẹ́bi. Ṣùgbọ́n ó ba òṣùwọ̀n jẹ́, àwọn onímọ̀ sì ń jiyàn lórí rẹ̀.

Gbogbo àwọn ìtọ́jú wọ̀nyí, yàtọ̀ sí èyí tí Jàpáàn fi àṣẹ onígbà díẹ̀ sí, inú ìdánwò ni a ti ṣe wọ́n, lábẹ́ ojú àwọn dókítà ní ilé ìwòsàn ńlá. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí a ń rọ sínú ìgò tà lọ́jà, tàbí tí ẹnikẹ́ni lè gbé wá sí ẹnu ọ̀nà aláìsàn. Ìdílé tí ó bá ta ilẹ̀ kòkó rẹ̀ nítorí ẹni tí ó ní òun ní irú oògùn bẹ́ẹ̀ ti sọ ilẹ̀ náà nù, aláìsàn rẹ̀ sì ti sọ àkókò nù, àkókò tí iṣẹ́ abẹ, ìtànṣán àti temozolomide ì bá ti bẹ̀rẹ̀.

Ní Boston, ohun tí àwọn dókítà sọ pé ó kàn ni bí àwọn ẹ̀ṣọ́ náà yóò ti ṣe pẹ́ níbi iṣẹ́ wọn. Wọ́n ní àwọn yóò máa dà wọ́n sínú omi ọpọlọ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, àwọn yóò sì kọ́kọ́ fi oògùn tọ́ ara aláìsàn sílẹ̀ kí wọ́n tó wọlé, gẹ́gẹ́ bí a ti í ro ilẹ̀ kí irúgbìn tó bọ́ sí i.